Orí Keje: Ipò Àwọn Ẹgbẹ́ Kí Dáìsì Tó Délẹ̀

Ní ọdún 1948, ní Great Neck ní erékùṣù Long Island tí ó wà ní ìpínlẹ̀ New York, ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Hal Richman, ọmọ ọdún 11, kó dáìsì jọ, ó kó ìwé jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù tí òkìkí wọn kàn jákèjádò Amẹ́ríkà yóò fi máa gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì nínú ilé gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ń gbá a ní pápá, kí ẹni tí ó jẹ́ akọni lóde má baà di ọ̀lẹ nínú ilé, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá lóde má sì baà di akọni lórí tábìlì. Àwọn eré tí wọ́n ń tà lọ́jà nígbà náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dàgbà, ó lọ sí yunifásítì Bucknell, ó kọ́ ìṣírò owó níbẹ̀, síbẹ̀ kò gbé eré náà jù sílẹ̀, títí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 tí ó gbé e jáde fún títà, tí ó sì pè é ní Strat-O-Matic. Dick Seitz, ará Lancaster ní Pennsylvania, ti gbé tirẹ̀ tí ń jẹ́ APBA jáde ṣáájú rẹ̀ ní 1951, nígbà tí ó sì di 1961, John Burgeson tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ IBM ti kọ irú eré bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà IBM 1620. Láti inú làálàá àwọn ẹni wọ̀nyí ni ohun tí mo pè ní líìgì àfarawé nínú orí yìí ti sú yọ, èyíinì ni líìgì tí a ti ń fi káàdì tàbí kọ̀ǹpútà gbá odindi sáà kan, tí ẹgbẹ́ kan ń borí tí èkejì ń pàdánù, tí a sì ń to gbogbo wọn sórí àtẹ ipò láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ kan koríko pápá.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ sọ bí àtẹ náà yóò ti rí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni pé eré òkèèrè ni bésíbọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ìran wa tó bí àwọn ẹlòmíràn ti rò, nítorí pé ní Kúbà, níbi tí àwọn Lùkùmí, ọmọ àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú ré kọjá òkun, ti ń kọrin sí Ṣàngó àti Yemọja títí di òní olónìí, eré yìí ni gbogbo ìlú fẹ́ràn jù, wọ́n sì ti ní líìgì tiwọn láti ọdún 1878. Fún ẹni tí kò rí i rí: ẹgbẹ́ méjì ni ń pàdé, ènìyàn mẹ́sàn-án ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan a ju bọ́ọ̀lù, afigigbá ẹgbẹ́ kejì a fi igi gbá a, bí ó bá sì rí ọ̀nà sá yípo ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó tún padà dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì ayò kan. Nígbà tí a bá ti lé mẹ́ta jáde nínú àwọn afigigbá, ẹgbẹ́ kejì ni yóò gba igi. Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú eré kan. Nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ 30 ni ó wà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a sì máa gbá eré 162 ní sáà kan. Iye yìí ṣe pàtàkì, kí a fi í sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí káàdì Richman ti ń ṣiṣẹ́, nítorí orí rẹ̀ ni ohun tí ó kù dúró lé. Agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, òpó mẹ́ta ni ó sì wà lára káàdì kọ̀ọ̀kan: ti afigigbá ni òpó 1, 2 àti 3, ti ajubọ́ọ̀lù ni òpó 4, 5 àti 6. A óò da dáìsì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, irú èyí tí a fi ń ta lúdò. Ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ni yóò sọ òpó tí a óò wò, nítorí náà ìdajì ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù, ìdajì wà lọ́wọ́ ẹni tí ń jù ú. Àròpọ̀ àwọn dáìsì méjì tí ó kù, láti 2 dé 12, ni yóò sọ ìlà tí a óò kà nínú òpó náà. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, mẹ́fà ni ó ń fúnni ní 7, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń fúnni ní 2, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì ń fúnni ní 12. Nítorí náà, ohun tí ẹni tí ó ṣe káàdì bá kọ sí ìlà 7 yóò ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́fà ohun tí ó kọ sí ìlà 2. Bí a bá ka dáìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ọ̀nà 216 ni ó wà, àwọn ìlà kan sì tún wà tí wọ́n ń béèrè nọ́ńbà mìíràn láti 1 dé 20 kí wọ́n tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Báyìí ni ọgbọ́n ọmọdé ṣe di òṣùwọ̀n: ẹni tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù dáradára lóde yóò ní ohun rere púpọ̀ lórí àwọn ìlà tí dáìsì ń yà sí lemọ́lemọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá yóò sì rí tirẹ̀ bí ó ti tọ́ sí i.

Ó wá lè dà bí ẹni pé nígbà tí gbogbo káàdì bá ti wà níwájú ẹni, tí kò sí àṣírí kankan mọ́, sísọ àtẹ ipò kò ní le. Àwọn àgbà wa ti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dÍfá lọ́rọọrún. Sáà kan ṣoṣo ni ayé máa ń fún wa ní ọdún kan. Ẹgbẹ́ tí ó bá pàdánù ní oṣù Kẹsàn-án kò lè sọ pé kí a padà sí oṣù Kẹrin kí a tún un gbá. Nínú líìgì àfarawé, a lè tún un gbá. Ní ọdún 1946, Stanislaw Ulam, onímọ̀ ìṣírò kan tí àìsàn líle dá dúró sílé, ń ta káàdì fún ara rẹ̀ láti fi pa ìrọ̀lẹ́, ó sì ń gbìyànjú láti ṣírò iye ìgbà tí eré náà lè yọrí sí rere. Nígbà tí ìṣírò náà di ohun tí apá kò ká, ó bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé kì í ṣe ohun tí ó rọrùn jù ni kí a kàn ta eré náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà kí a sì ka iye èyí tí ó yọrí sí rere. Òun àti John von Neumann gbé èrò yìí wọ inú kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ àwọn onímọ̀ átọ́ọ̀mù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Monte Carlo, orúkọ ìlú àwọn atatẹ́tẹ́. Ọgbọ́n yìí kan náà ni ẹni tí ń sọ àtẹ bésíbọ́ọ̀lù ń lò lónìí: ó kó àwọn ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó gbá sáà náà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìgbà, ó sì ń wo bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ṣùgbọ́n kí ó tó lè gbá a, ó gbọ́dọ̀ mọ agbára ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé iye eré tí ẹgbẹ́ borí lọ́dún tí ó kọjá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tí ó kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí ni Bill James, ọkùnrin kan tí ó ń ṣe ọdẹ òru ní ilé-iṣẹ́ tí ń di oúnjẹ sínú agolo ní Lawrence ní Kansas, tí ó ń fi òru gígùn ṣe ìṣírò bésíbọ́ọ̀lù, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fúnra rẹ̀ ní 1977. James fi hàn pé àmì ayò ni kí a wò: iye tí ẹgbẹ́ gbà àti iye tí a gbà lára rẹ̀. Ẹ fi iye tí ó gbà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi iye tí a gbà lára rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ bákan náà, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì wo ìpín tí ti àkọ́kọ́ kó nínú àròpọ̀ náà. Ìpín yẹn ni ìpín eré tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ náà borí. Ẹgbẹ́ tí ó gba 800 tí a sì gba 700 lára rẹ̀ yóò ní 640,000 nínú 1,130,000, èyí tí ó súnmọ́ ìpín 57 nínú 100, nínú eré 162 ó di ìborí 92. Pete Palmer àti John Thorn, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1984, sọ ọ́ lọ́nà tí ó tún rọrùn ju ti James lọ: àmì ayò mẹ́wàá tó ìborí kan. Ẹgbẹ́ tí ó fi 100 ju àwọn ọ̀tá rẹ̀ lọ yóò borí bíi mẹ́wàá ju 81 tí í ṣe ìdajì lọ.

Ẹni tí ó bá di káàdì mú lè tipa báyìí ṣírò láti orí afigigbá kan ṣoṣo dé orí àtẹ ipò. Láti àkókò George Lindsey, ará Kánádà tí ó ṣe iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí 1960, àwọn onímọ̀ ti wọn ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan níye lórí: bọ́ọ̀lù tí a gbá tí ó fò jáde kúrò ní pápá tó nǹkan bí àmì ayò 1.4, ìrìn ọ̀fẹ́ sí ibùdó kìíní tó nǹkan bí 0.3, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá sì lé afigigbá jáde ń yọ nǹkan bí ìdámẹ́rin kúrò. A kà á lórí káàdì, a fi iye ìgbà tí yóò gbá bọ́ọ̀lù sọ ọ́ di púpọ̀, a ro ti gbogbo wọn pọ̀, àmì ayò ti ẹgbẹ́ náà jáde. Iṣẹ́ sùúrù ni, mo sì gbà pé òun ni apá tí ó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni a ti ń rí i pé ẹni tí a kò kọrin kí, tí ó kàn ń fi sùúrù gba ìrìn ọ̀fẹ́, ń ṣe fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ju akọni tí gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún lọ.

Wọ́n lè béèrè pé kí ni ìdí tí àmì ayò fi sàn ju ìborí lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ìborí ni wọ́n fi ń to àtẹ. Ẹ wo Baltimore Orioles ti ọdún 2012. Ẹgbẹ́ yẹn gba àmì ayò 712, a gba 705 lára wọn. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà James, ìborí 82 ni ó tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n 93 ni wọ́n ní. Ibo ni mọ́kànlá ti wá? Nínú àwọn eré tí àmì ayò kan ṣoṣo fi parí, wọ́n borí 29, wọ́n pàdánù 9. Àwọn kan sọ nígbà náà pé ọkàn wọn le, pé wọ́n mọ bí a ti ń parí ìjà, ọ̀rọ̀ náà sì dùn létí. Ní ọdún 2013, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù kan náà, wọ́n borí 20 nínú irú eré bẹ́ẹ̀, wọ́n pàdánù 31. Eré tí ó fi àmì ayò kan parí ni ibi tí èèṣì ti ń jọba jù, bọ́ọ̀lù tí ó bọ́ sí apá ọ̀tún dípò apá òsì lè yí i padà. Ẹni tí ó bá kà á sí agbára, iyanrìn ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé.

Nítorí náà ni asọtẹ́lẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń fa gbogbo ohun tí ó rí padà sí àárín. Bí iṣu àgbẹ̀ kan bá ta ju ti gbogbo aládùúgbò rẹ̀ lọ lọ́dún kan, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ rẹ̀ dára ju tiwọn lọ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe pẹ̀lú kí òjò ọdún náà ti bá oko rẹ̀ rẹ́ lọ́nà tí kò bá ti ẹlòmíràn rẹ́. Lọ́dún tí ń bọ̀ ilẹ̀ náà yóò wà níbẹ̀, òjò náà lè má wà. Seattle Mariners borí eré 116 ní ọdún 2001, iye tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kọjá nínú ìtàn líìgì ńlá. Ní 2002, wọ́n borí 93. Detroit Tigers pàdánù 119 ní 2003, wọ́n borí 43 péré; ní 2004, wọ́n borí 72. Ẹni tí ó wà lókè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ gòkè, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan ṣépè fún ti àkọ́kọ́ tàbí pé wọ́n rú ẹbọ fún ti èkejì. Ìlànà tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ń lò ni pé kí a fi eré 70 kún ohun tí ẹgbẹ́ ṣe, kí a kà á sí pé ó borí 35 nínú wọn: ẹgbẹ́ tí ó borí 100 nínú 162 di ẹni tí ó borí 135 nínú 232, èyí tí ó jẹ́ ìborí 94 nínú 162. Tom Tango ṣe ohun kan náà fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan nínú ìlànà tí ó pè ní Marcel, orúkọ ọ̀bọ kan nínú eré tẹlifíṣọ̀n, nítorí pé ó gbà pé ọ̀bọ pàápàá lè ṣe é: ó fún ọdún tí ó kọjá ní ìwọ̀n 5, èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ní 4, èyí tí ó ṣáájú ìyẹn ní 3, ó fa gbogbo rẹ̀ sí àárín, ó ro ọjọ́ orí mọ́ ọn. Àwọn ìlànà tí ó díjú jù ú lọ fíìfíì kò fi ibi púpọ̀ jù ú lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ líìgì àfarawé ti yàtọ̀ sí ti pápá gan-an ni a dé yìí, ó sì yẹ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Káàdì Strat-O-Matic kì í sọ bí agbábọ́ọ̀lù ti jẹ́. Ohun tí ó ṣe ní sáà tí ó kọjá ni ó ń sọ. Ọkùnrin tí oríire bá rìn lọ́dún kan, tí gbogbo bọ́ọ̀lù tí ó gbá ń bọ́ sí ibi tí kò sí ènìyàn, oríire náà ti di ara káàdì rẹ̀, ó ti di ìwà rẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà díẹ̀ ni ó gba igi nínú sáà náà tí ó sì ṣe iṣẹ́ ìyanu ní ìgbà díẹ̀ náà, akọni ńlá ni yóò jẹ́ lórí tábìlì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ líìgì fi ń ṣe òfin pé agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ gbá ju iye ìgbà tí ó gbá lóde lọ. Fún ẹni tí ń sọ àtẹ irú líìgì bẹ́ẹ̀, fífa agbábọ́ọ̀lù sí àárín jẹ́ àṣìṣe. Ohun tí ó wà lórí káàdì ni òtítọ́ ibẹ̀, kò sí òtítọ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Out of the Park Baseball, tí Markus Heinsohn, ará Jámánì, gbé jáde ní 1999, agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀bùn tí ó fara sin, ó ń dàgbà, ó ń darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dá, nọ́ńbà tí a sì rí lójú ìwé jẹ́ ohun tí ẹ̀bùn àti èèṣì jọ bí. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá fa nǹkan sí àárín yóò ṣubú bí ẹni tí ó ń sọ ti líìgì gidi. Mo ti ka ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn láàárín àwọn tí ń ṣe eré méjèèjì lórí èwo ni ó dára jù nínú ọ̀nà ìsọtẹ́lẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ìdajì àríyànjiyàn náà yóò pòórá bí àwọn méjèèjì bá kọ́kọ́ béèrè pé kí ni káàdì tí ó wà lọ́wọ́ wọn ń sọ: ohun tí ènìyàn ṣe ni, tàbí ohun tí ènìyàn jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá kà á sí pé gbogbo iṣẹ́ yìí ti parí, kò sì sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà tí a mọ̀ dájú pé agbára rẹ̀ jẹ́ ìdajì gẹ́lẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò dín. Eré 162 rẹ̀ yóò dà bí owó ẹyọ tí a sọ sókè nígbà 162. Ìborí 81 ni a óò kọ sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìṣírò sọ fún wa pé ìwọ̀n tí èèṣì nìkan lè fi gbé e kúrò lórí 81 jẹ́ nǹkan bí 6: nínú sáà mẹ́ta, nǹkan bí méjì ni yóò bọ́ sáàárín 75 sí 87, nínú sáà 100, nǹkan bí 95 ni yóò bọ́ sáàárín 68 sí 94. Ẹgbẹ́ tí ó borí 94 ń múra láti lọ gba ife. Ẹgbẹ́ tí ó borí 68, wọ́n ti fẹ́ lé ọ̀gá rẹ̀ dànù. Ẹgbẹ́ kan náà ni, ajubọ́ọ̀lù kan náà, afigigbá kan náà, káàdì kan náà. Kì í ṣe àìmọ̀kan asọtẹ́lẹ̀ ni ó fa ìyàtọ̀ yìí, ìwé púpọ̀ kò sì lè mú un kúrò. Nínú líìgì gidi, ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú rí èyí, nítorí pé agbára àti èèṣì ti pò pọ̀ kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa. Inú líìgì àfarawé nìkan ni a ti lè di agbára mú kí ó dúró sójú kan, kí a sì máa wo bí dáìsì ti ń da àtẹ rú.

Láti inú èyí ni ohun méjì ti wá tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Èkínní ni pé àtẹ tí asọtẹ́lẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bá tò máa ń rún pọ̀ sí àárín ju àtẹ tí sáà yóò tò lọ. Ó lè má kọ 100 síwájú ẹgbẹ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni ó mọ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹgbẹ́ kan yóò dé ibẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni èwo nínú wọn ni èèṣì yóò gbé gẹṣin. Àwọn òǹkàwé a máa rò pé ẹ̀rù ni ó ń bà á, wọ́n a máa fẹ́ràn ẹni tí ó fi ìgboyà kọ 110 síbì kan àti 50 síbòmíràn. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun: ẹni tí ó kọ 110 ń fẹ́ kí agbára àti oríire pàdé lórí ẹgbẹ́ tí òun dárúkọ gan-an, èyí sì ṣọ̀wọ́n. Èkejì ni ipò. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní agbára ìborí 92, tí èkejì tí ó tẹ̀lé e ní agbára 88. Lójú ẹni tí kò mọ̀, mẹ́rin tí ó wà láàárín wọn tó láti fi dá wọn sọ́tọ̀. Bí a bá gbá sáà náà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìgbà nínú kọ̀ǹpútà, ẹni 88 yóò parí síwájú ẹni 92 ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nítorí náà ni mo fi gbà pé kí a máa kọ ìpín tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti dé òkè, kí a má kàn to orúkọ wọn láti 1 dé 5 bí ẹni pé Olódùmarè fi ìwé rẹ̀ hàn wá.

Sáà kúkúrú a tún máa mú un burú sí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn gbogbo pápá, àwọn tí ń ṣe àkójọ Baseball-Reference fi Out of the Park gbá sáà náà lójoojúmọ́, àwọn Strat-O-Matic náà ń gbá tiwọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ilé sé mọ́ sì ń jí lówùúrọ̀ láti wo ẹni tí ó borí nínú eré tí kò sẹ́ni tí ó gbá a. Àwọn Strat-O-Matic ti ṣe irú rẹ̀ rí ní 1981, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn agbábọ́ọ̀lù dá sáà dúró, tí wọ́n gbé eré àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù lọ fi dáìsì gbá ní pápá Cleveland. Nígbà tí líìgì gidi tó bẹ̀rẹ̀ ní 23 oṣù Keje 2020, eré 60 ni wọ́n fi ṣe é. Nínú eré 60, ìwọ̀n èèṣì jẹ́ nǹkan bí 4, tí a bá sì nà án dé eré 162 ó di mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, ìyẹn sì tó ìwọ̀n tí agbára ẹgbẹ́ fi máa ń jìnnà sí àárín. Los Angeles Dodgers, tí ọ̀pọ̀ asọtẹ́lẹ̀ fi ṣáájú, borí 43, wọ́n pàdánù 17, wọ́n sì gba ife. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ sáà kúkúrú bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó dára jù ni yóò máa wòran níkẹyìn.

Báwo ni a ṣe wá mọ asọtẹ́lẹ̀ gidi yàtọ̀ sí onírọ́? Kì í ṣe nípa pé ó dárúkọ ẹni tí ó gba ife. A óò gbé ìwé tí ó kọ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ tí sáà parí sí, a óò wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jìnnà tó. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tí ó kọ 81 síwájú gbogbo ẹgbẹ́ 30, yóò ní ìwọ̀n àṣìṣe bíi 11 tàbí 12. Ẹni tí ó mọ ohun gbogbo, tí ó rí gbogbo káàdì, kò lè ní kéré sí 6 bí ọdún ti ń gorí ọdún. Gbogbo ọgbọ́n ayé nínú iṣẹ́ yìí wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn, bí ẹnì kan bá sì wá sọ pé òun ń ṣe é dé 3 lọ́dọọdún, kí a wo ìwé rẹ̀ dáradára, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé lẹ́yìn tí sáà parí ni ó kọ ọ́.

Ìwọ̀n kan náà ni ó ń sọ fún wa ìgbà tí kò tọ́ kí a di ẹ̀bi ru èèṣì. Ní ọdún 2021, PECOTA, ìlànà tí Nate Silver dá sílẹ̀ ní 2003, kọ ìborí bíi 75 síwájú San Francisco Giants. Wọ́n borí 107. Ìyàtọ̀ 32 ju ìlọ́po márùn-ún ìwọ̀n èèṣì lọ. Dáìsì nìkan kò lè ṣe é, bí a tilẹ̀ dà á láti àná títí di ọ̀la. Ohun kan wà nínú ẹgbẹ́ yẹn tí àwọn asọtẹ́lẹ̀ kò rí: Buster Posey, Brandon Crawford àti Brandon Belt, àwọn tí gbogbo ayé rò pé oòrùn wọn ti ń wọ̀, tún gbá bọ́ọ̀lù bí ọ̀dọ́, àwọn ajubọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ mìíràn kò kà sí sì rí ẹni tún ọwọ́ wọn ṣe. Nínú líìgì onídáìsì, ibi tí káàdì ti ń sọ gbogbo rẹ̀, irú ìyàtọ̀ báyìí kò ní wáyé. Bí ó bá wáyé, ẹni tí ó rí i yóò kọ́kọ́ yẹ dáìsì náà wò. Ní ti líìgì gidi, iṣẹ́ ìwádìí ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì ṣírò pé apá kan agbára ni, apá kan oríire ni. Posey fi eré sílẹ̀ nígbà tí sáà parí, Kevin Gausman tí ó jẹ́ olórí àwọn ajubọ́ọ̀lù wọn lọ sí Toronto, ní ọdún 2022 ẹgbẹ́ náà sì borí 81, wọ́n pàdánù 81.